Ìkòkò Tí Yóò Jata: Ìtàn Ìgbésí Ayé Ladi Kwali

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìkòkò tí yóò jata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná. A ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àwọn òbí wa títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sú wa, pàápàá jù lọ nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: mélòó nínú wa ni ó ti dúró ti amọ̀kòkò rí, tí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí bí ìdí ìkòkò ṣe ń gbóná? Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ sọ ìtàn obìnrin kan tí ó lo ayé rẹ̀ nídìí ìkòkò, tí amọ̀ àti iná sì sọ di ẹni tí ayé mọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Ladi Kwali.

Ẹni tí ó bá ní ogún náírà lápò, kí ó yọ ọ́ síta, kí ó yí i padà sẹ́yìn. Obìnrin tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀ ni a ń wí. Láti ọdún 2007 ni àwòrán rẹ̀ ti wà lára owó náà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi í ra gúgúrú, tí a ń gbà á ní ṣéńjì lọ́wọ́ kọ̀ndọ́, tí a ń ká a mọ́ ìdí aṣọ, tí ọ̀pọ̀ wa kò sì béèrè rí pé ta ni ìyá yìí, kí ni ó ṣe tí àwòrán rẹ̀ fi wà lẹ́yìn àwòrán olórí orílẹ̀-èdè.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló kan Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ obìnrin Gbagyi. Ó kàn wá púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ka ìwé yìí ni a bí sí Òkè Ọya, tí a sì tọ́ dàgbà níbẹ̀. Ọjà kan náà ni àwọn ìyá wa àti àwọn ìyá Gbagyi jọ ń ná. A mọ àwọn obìnrin wọn, tí kì í gbé ẹrù rù sórí bí àwọn ìyá tiwa, bí kò ṣe lórí èjìká. Yàtọ̀ sí èyí, iṣẹ́ obìnrin ni ìkòkò mímọ jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá náà. Ẹni tí ó bá ti dé Ìpetumodù tàbí tí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn amọ̀kòkò Ìlọrin kò ní í sọ pé àjèjì ni iṣẹ́ Ladi lójú òun. Nítorí náà, ẹ fi ara balẹ̀, ẹ bá wa ká lọ.

Ìbí Rẹ̀ àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1925 ni wọ́n bí Ladi sí ìlú Kwali ní ilẹ̀ àwọn Gbagyi, àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Gwari. Lónìí, abẹ́ Abuja tí í ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè wa ni Kwali wà. Èdè Haúsá ni Ladi, ohun tí ó sì túmọ̀ sí ni ọmọbìnrin tí a bí ní ọjọ́ Àìkú, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń sọ ọmọ ní Abọ́sẹ̀dé. Kwali kì í ṣe orúkọ bàbá rẹ̀. Orúkọ ìlú rẹ̀ ni, bí ìgbà tí a bá sọ pé Làmídì ará Ọ̀fà. Ìlú rẹ̀ ni ó gbé káàkiri ayé lórí orúkọ ara rẹ̀.

Kò lọ sí ilé ìwé. Ilé ìwé tirẹ̀ ni ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ tí í ṣe amọ̀kòkò, níbi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ láti kékeré. Amọ̀ ni síléètì rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni gègé. Àwọn àgbà sì ti sọ pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí àwọn obìnrin Gbagyi ṣe ń mọ ìkòkò ńlá, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti ṣẹ̀. Wọn kì í lo kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò. Wọ́n á kó amọ̀ tí a ti gún tí a sì ti pò jọ sójú kan, wọ́n á fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú láti àárín títí yóò fi ní kòtò. Ìdí ìkòkò nìyẹn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ọwọ́ yí amọ̀ gbọọrọ bí ejò, wọ́n á máa tò ó lé etí kòtò náà ní ìpele ìpele, wọ́n á máa fà á sókè, wọ́n á sì máa fi àfọ́kù igbá há a kí ó lè fẹ́lẹ́ kí ó sì jọ̀lọ̀. Ìkòkò kì í yí. Amọ̀kòkò ni ó ń yí ìkòkò po. Bí Ladi bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn ni ó máa ń fi rìn, tí yóò máa yí ìkòkò ká pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kan yóò wà nínú, tí èkejì yóò wà lóde. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ijó ni ó ń jó. Kò sí òṣùwọ̀n, kò sí ìlà tí a fà sílẹ̀, síbẹ̀ ìkòkò náà á rí rogodo bí òṣùpá.

Ìgbà tí amọ̀ bá ti ń gbẹ díẹ̀ ni wọ́n á wá ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n á yí igi kékeré tí a ti gbẹ́ ojú rẹ̀ lórí amọ̀ náà kí ó lè fi àmì sílẹ̀, wọ́n á sì fi ohun mímú fín ara rẹ̀. Ní ti fínfín yìí, ọwọ́ Ladi yàtọ̀. Àkeekèé, alángbá, ọ̀nì, ọ̀gà, ejò, ẹja àti ẹyẹ ni ó máa ń fín sí ara ìkòkò, tí ìlà tínńtín yóò pààlà sáàárín wọn. Ẹranko tí ọmọdé Kwali ń rí lójoojúmọ́, lára ògiri, nínú igbó àti létí odò, ni ó ń kó jọ sí ikùn àmù.

Sísun ni ó kù. Ìta gbangba ni àwọn obìnrin náà ti ń sun ìkòkò. Wọ́n á to ìkòkò lé igi, wọ́n á fi koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n á sì ṣáná sí i. Kò pẹ́ tí iná fi ń parí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìkòkò bá ti ń jáde nínú iná ni wọ́n á wọ́n omi tí a fi èèpo igbá sè sí i lára. Igi igbá tí a ń wí ni èyí tí a ń rí irú lára rẹ̀. Omi náà máa ń dí ihò wẹ́wẹ́ ara ìkòkò díẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí ó pọ́n, kí ó sì dán. Àwọn amọ̀kòkò Ìlọrin náà mọ èèpo igbá yìí dáadáa. Ìbátan kì í ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ó tún wà nínú iṣẹ́ ọwọ́.

Bí Ìkòkò Rẹ̀ Ṣe Dé Ààfin, Tí Òun Náà Fi Dé Abuja

Ìkòkò tí ó dára kì í pẹ́ lọ́jà. Òkìkí iṣẹ́ Ladi kàn dé ààfin Alhaji Suleimanu Barau, Ẹ́mírì Abuja, tí ó ra mélòó kan nínú ìkòkò rẹ̀ tí ó sì kó wọn sí ààfin. Kí ó yé wa pé Abuja ìgbà náà kì í ṣe olú-ìlú ti òní. Ìlú tí a ń pè ní Suleja lónìí ni. Nígbà tí ìjọba pinnu ní 1976 láti kọ́ olú-ìlú tuntun, wọ́n gba orúkọ Abuja lọ́wọ́ ìlú àtijọ́ náà, òun sì di Suleja.

Ààfin yìí ni òyìnbó kan ti rí àwọn ìkòkò náà ní 1950. Michael Cardew ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1901, amọ̀kòkò paraku tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Achimota àti ní etí odò Volta ní ilẹ̀ Gánà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìjọba amúnisìn gbà á sí iṣẹ́ ní 1951 kí ó lè bójú tó iṣẹ́ ìkòkò mímọ. Ní 1952 ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn amọ̀kòkò sílẹ̀ ní Abuja. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí àwọn ènìyàn wa lè máa ṣe abọ́, ife àti ìkòkò tí ń dán, tí kò ní í máa jò, kí a má baà máa ra ti òkèèrè.

Ẹ wo ohun ìyanu kan níbí o. Ní ilẹ̀ tí ó jẹ́ pé obìnrin ni ó ń mọ ìkòkò, ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ gbà sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò ni wọ́n ń kọ́ wọn, bí ẹni pé àwọn ìyá tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ayébáyé kò sí níbẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 1954 ni Ladi Kwali wọ ibẹ̀, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́. Kì í ṣe ọmọdé mọ́ nígbà náà. Ó ti tó ẹni nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti lórúkọ nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò wí pé òun ti mọ ọ̀n tán. Ó jókòó, ó kọ́ kẹ̀kẹ́. Ó kọ́ bí a ṣe ń po amọ̀ bí ẹ̀kọ láti fi kun ìkòkò, ó kọ́ gíléèsì, ó kọ́ iléru. Ìgbà tí ó yá, òun náà di olùkọ́ níbẹ̀.

Gíléèsì àti Iná

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí gíléèsì, nítorí òun ni ó yí ìkòkò Ladi padà. Ẹ wo abọ́ táńganran tí ó wà nílé yín. Ohun tí ń dán lójú rẹ̀ bí dígí ni gíléèsì, dígí náà ni lóòótọ́. Òkúta ni wọ́n ń lọ̀ kúnná, wọ́n á po eérú igi àti amọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á bu omi sí i títí yóò fi rí bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Eérú náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Òun ni ó ń mú kí òkúta tètè yọ́ nínú iná. Bí wọ́n bá ti dà á sí ìkòkò lára tí ó sì gbẹ, kò ní ẹwà kankan lójú. Ńṣe ni yóò rí bí ìkòkò tí eruku ọyẹ́ bò. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní wọ́n ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ìkòkò kékeré rọrùn láti fi gíléèsì sí. A lè fi ọwọ́ méjì dì í mú kí a rì í bọ inú gíléèsì, kí a sì yọ ọ́ kíá. Ṣùgbọ́n àmù ńlá tí Ladi ń mọ kò ṣe é rì bọ ibi kankan bẹ́ẹ̀. A ní láti da gíléèsì sí inú rẹ̀, kí a fì í yíká kí ó lè kan ibi gbogbo, kí a tún dà á jáde, kí a tó wá ṣe ti ẹ̀yìn. Bí ó bá nípọn jù níbì kan, yóò ṣàn bí omijé nínú iná. Bí ó bá fẹ́lẹ́ jù, ibẹ̀ á gbẹ haragbadu. A sì gbọ́dọ̀ nu ìdí ìkòkò mọ́ tónítóní, nítorí bí gíléèsì bá wà ní ìdí rẹ̀, yóò lẹ̀ mọ́ ohun tí ó gbé e lé, ẹnikẹ́ni kò sì ní í lè já a kúrò láìfọ́.

Ọnà tí Ladi ń fín kò parẹ́ sábẹ́ gíléèsì. Wọ́n á fi amọ̀ funfun tí a pò bí ẹ̀kọ, tí ó rí bí ẹfun, dí ojú ìlà tí ó fín. Gíléèsì tí a rí gba inú rẹ̀ kọjá ni wọ́n á wá fi bò ó. Ìwọ̀nba irin díẹ̀ ni ó máa ń wà nínú irú gíléèsì bẹ́ẹ̀. Bí a bá sé afẹ́fẹ́ mọ́ iléru díẹ̀, tí èéfín pọ̀ nínú rẹ̀, irin yìí ni ó ń mú kí ara ìkòkò ní àwọ̀ ewé. Bí a bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé fàlàlà, àwọ̀ mìíràn ni yóò jáde. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tí ó mọ ìkòkò nìkan ni ó ń kun ún. Ẹni tí ń koná náà ń kun ún.

Ní ti iná, ọ̀tọ̀ ni ti Abuja. Iná koríko tí wọ́n ń dá ní ìta gbangba ní Kwali kì í sábà kọjá ìwọ̀n 900 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀ọ̀sì, òmíràn kì í sì í tó bẹ́ẹ̀. Iléru Abuja, tí wọ́n ń fi igi dá, ní láti gbóná dé nǹkan bí 1,280 sí 1,300. Ẹ rántí pé 100 péré ni omi fi ń hó. Amọ̀ lásán kò lè fara da irú iná bẹ́ẹ̀. Yóò wó, tàbí kí ó yọ́. Amọ̀ tí a dìídì pò fún iná gbígbóná ni Ladi ní láti máa lò, ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti mọ amọ̀ Kwali sì ní láti kọ́ bí a ṣe ń bá amọ̀ mìíràn sọ̀rọ̀.

Ewu pọ̀ lọ́nà. Bí omi bá kù díẹ̀ nínú ìdí ìkòkò tí ó nípọn, tí a sì yára koná, omi náà á di ooru, á sì fọ́ ìkòkò yángá bí ìbọn tí ó yìn. Bí iná bá dé ìwọ̀n bí 573, iyanrìn dídán inú amọ̀ máa ń wú lójijì. Bí iná bá ń lọ sílẹ̀ tí ó tún dé ibẹ̀, iyanrìn náà á súnkì lójijì. Ẹni tí ó bá kánjú ní ibi méjèèjì yìí á gbọ́ kàà, ìkòkò ti là. Wọ́n á to igi kún ẹnu iléru ní ọ̀sán, wọ́n á tún máa tò ó ní òru. Ihò kékeré kan ni wọ́n ń yọjú wò, kí wọ́n lè rí àwọn amọ̀ ṣóńṣó kéékèèké tí wọ́n gbé sínú. Bí ṣóńṣó náà bá ti tẹrí ba, iná ti tó. Bí ó bá tún tó, wọn kò gbọdọ̀ ṣí iléru. Wọ́n á dúró títí yóò fi tutù fúnra rẹ̀.

Ẹ ronú sí i. Obìnrin tí ó ti mọ̀ ọ́n lára láti sun ìkòkò ní ìta, kí ó sì rí i kí ilẹ̀ tó ṣú, ni ó wá ń gbé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ sínú ilé iná, tí wọ́n á di ẹnu rẹ̀, tí kò sì ní í mọ bí ó ti rí títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i. Ìkòkò tí iná ìta bá fọ́, a lè mọ òmíràn lọ́la. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìpàtẹ bá ti sún mọ́ etílé, ìkòkò ńlá kan tí ó là nínú iléru, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ó bá a lọ.

Ìpàtẹ ní Ìlú London

Ní 1958, wọ́n kó iṣẹ́ àwọn amọ̀kòkò Abuja lọ sí ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà kan ní London tí à ń pè ní Berkeley Galleries. Abọ́, ife àti ìkòkò ìtọ́tíì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àmù Ladi ni ojú ń lọ sí. Wọ́n tún pàtẹ níbẹ̀ ní 1959 àti ní 1962. Ní 1962 kan náà, wọ́n pàtẹ ní ìlú Paris.

Ìkòkò nìkan kọ́ ni ó rin ìrìn àjò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Ladi fúnra rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì láti fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn ènìyàn. Ní 1972, ó bá Cardew àti Kofi Athey, amọ̀kòkò ọmọ Gánà, rin ìrìn àjò káàkiri Amẹ́ríkà. Níwájú àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ìyá tí kò jókòó ní kíláàsì rí á kó amọ̀ kalẹ̀, á lù ú ní ẹ̀ṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn yí i ká. Àwọn tí ó ti ń fi kẹ̀kẹ́ mọ ìkòkò fún ogún ọdún á wá jókòó, wọ́n á máa wò ó. Kò nílò ògbufọ̀ fún èyí. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀.

Nílé, ilé ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ láìsí obìnrin ti wá ní yàrá àwọn obìnrin tirẹ̀. Dakin Gwari ni wọ́n ń pè é, ìyẹn yàrá àwọn Gwari ní èdè Haúsá. Halima Audu, Asibi Ido àti Kande Ushafa jẹ́ ara àwọn tí ó tẹ̀ lé Ladi débẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ mọ àmù bí tirẹ̀. Nígbà tí Magdalene Odundo, ọmọ Kẹ́ńyà tí ó ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká amọ̀kòkò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Abuja ní 1974, àwọn obìnrin yìí ni ó lọ kọ́ ìkòkò ọlọ́wọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ilẹ̀ tí Ladi da omi sí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti tẹ̀ ẹ́.

Ṣé Èrè Ni àbí Àdánù?

A kò ní í ṣe bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a sọ láàárín ara wa. Kí ni iṣẹ́ àmù? Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mú omi tutù. Ohun tí ó sì ń mú kí ó lè ṣe é ni pé ihò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀. Omi á máa là á jáde díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, inú rẹ̀ á tutù minimini. Ìkòkò tí ó bá ti jẹ iná 1,300, tí gíléèsì sì ti bò, kò lè làágùn mọ́. Omi inú rẹ̀ á lọ́ wọ́rọ́wọ́. Kò sì ṣe é gbé ka orí ààrò, nítorí yóò là. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí àmù Ladi wọ iléru Abuja, kò ṣe iṣẹ́ àmù mọ́. Ó di ohun tí à ń wò.

Àwọn kan sọ pé òyìnbó ni ó ba iṣẹ́ náà jẹ́. Àwọn mìíràn ní bí kì í bá ṣe òyìnbó ni, ta ni ì bá mọ Ladi? Ní tiwa, a rò pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Aṣọ ni gíléèsì jẹ́. Ara tí ó wọ aṣọ náà, ara Kwali ni. Ladi mọ kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò lò, síbẹ̀ kò tìtorí rẹ̀ fi ọwọ́ mímọ sílẹ̀. Kì í ṣe Cardew ni ó kọ́ ọ ní àkeekèé àti ọ̀nì. Ẹ́mírì sì ti ra ìkòkò rẹ̀ kí òyìnbó tó rí i. Ohun tí ó gbà lọ́wọ́ àlejò ni iná. Ó fi iná náà dáná ọbẹ̀ tirẹ̀.

Ohun kan tún wà tí gíléèsì àti ìpàtẹ fún un, òun ni orúkọ. Ìdí ìkòkò Ladi ni a ti ń rí òǹtẹ̀ tí ó dúró fún orúkọ rẹ̀, L àti K. Ẹ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ ó rí ìkòkò Yorùbá níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, orúkọ ẹ̀yà nìkan ni wọ́n máa ń kọ sí ìdí ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí ẹni pé gbogbo Yorùbá ni ó pé jọ mọ ìkòkò kan. Àbátàn ará Òkè-Ọ̀dàn, tí ó mọ àwo Ẹ̀yìnlé tí ó rẹwà jù lọ, ì bá wà lára àwọn tí a gbàgbé, bí kì í bá ṣe pé Robert Farris Thompson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, wá bá a ní ilé rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, tí ó béèrè orúkọ rẹ̀, tí ó sì kọ nípa rẹ̀. Mélòó ni àwọn tí ẹnikẹ́ni kò béèrè orúkọ wọn?

Èyí tí ó dùn wá jù ni pé ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ kí àwa ọmọ onílẹ̀ lè máa ra abọ́ tiwa. Àwọn tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó rà á ni òyìnbó àti àwọn ọ̀tọ̀kùlú. Àwa yòókù ń ra táńganran òkèèrè, lẹ́yìn rẹ̀ a bọ́ sórí ike. Ohun tí ayé ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò, ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni ó wà, a kò yà wò ó.

Oyè, Ìyìn àti Ikú Rẹ̀

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ní 1977, Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá kárí-ófà jìjàkadì, ẹ gbọ́ o. Ìyá tí kò wọ kíláàsì rí di Dókítà, nítorí iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ní 1980, ìjọba Nàìjíríà fún un ní oyè NNOM, tí í ṣe oyè tí ó ga jù lọ tí orílẹ̀-èdè wa fi ń yẹ́ àwọn onímọ̀ àti oníṣẹ́ ọnà sí. Ní 1981, wọ́n tún fi OON kún un.

Cardew ti kúrò ní Abuja láti 1965, Michael O'Brien ni ó sì gba ipò rẹ̀. Ladi dúró sídìí amọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n yí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà padà, wọ́n fi orúkọ Ladi Kwali pè é. Ilé tí kò gba obìnrin nígbà tí wọ́n ṣí i, orúkọ obìnrin ni ó wá ń jẹ́. Cardew kú ní 1983. Ladi Kwali náà tẹ̀ lé e ní ọdún 1984. Wọ́n ti sọ òpópónà ní orúkọ rẹ̀ ní Abuja tuntun, àwòrán rẹ̀ sì wà lápò gbogbo wa.

Ohun Tí A Rí Kọ́

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí ó kéré. Ìgbà tí a bá ń pe ẹnìkan ní púrúǹtù, kí a rọra. Òye bí iná ṣe ń bá òkúta, eérú àti irin lò, tí à ń há sórí nínú ìwé kẹ́mísírì, ìyá yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ìkejì ni pé kí a máa kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun láìgbàgbé ti ilé. Àwa tí a dàgbà sí ẹ̀yìn odi nílò ẹ̀kọ́ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. A ń sọ Haúsá lọ́jà, a ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Gíléèsì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí amọ̀ abẹ́ rẹ̀ má ṣe sọnù. Ìkòkò tí ó bá ní gíléèsì tí kò ní amọ̀, kí ni a ó fi bu omi?

Ìkẹta ni pé kí a máa béèrè orúkọ. Bí ẹ bá délé ní ìsinmi, tí ẹ rí ìyá kan tí ó ń mọ ìkòkò, tí ó ń ta aró tàbí tí ó ń hun aṣọ òfì, ẹ kí i, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ àti ti ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ mú un wá fún ẹgbẹ́ wa, ìwé yìí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí iná tí yóò fi wá ṣe ènìyàn fọ́ wa mọ́wọ́. Kí gbogbo wa jáde nínú iléru yìí ní pípé, kí a sì dán.